Gbàgede Tí Wọ́n Fọ̀ Mọ́ Jù

[Ìpè kan ṣoṣo láàárín ọmọ ìyá méjì, lọ́sàn-án. Ẹ̀GBỌ́N ló pe. Obìnrin ni, òun ló sì ń gbé pẹ̀lú bàbá wọn láti ìgbà tí ìyá wọn ti papò dà. Bàbá náà ṣe iṣẹ́ bíríkìlà títí agbára fi tán, òkúta ìtẹ́lẹ̀ gbàgede ló sì mọ̀ ọ́n tò jù. Ní báyìí, ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. ÀBÚRÒ ló gbé ìpè. Ìlú mìíràn ló wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ olómi fọ ògiri àti gbàgede ilé onílé, ẹnu iṣẹ́ yẹn náà ló wà nígbà tí fóònù dún. Ohun tó gbọ́ àti ohun tó ṣe níbi tó dúró sí ló wà nínú àkámọ́.]

[Ẹ̀rọ ń pariwo. Àbúrò nu ọwọ́ tó tutù mọ́ ṣòkòtò kó tó gbé fóònù létí.]

ÀBÚRÒ: Hello? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàsán, o jàre. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ó wà, a dúpẹ́. Bàbá ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wà. Ṣé o gbọ́ mi? Kí ló ń pariwo báyẹn?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀rọ ni. Ẹ jẹ́ kí n pa á.

[Ariwo rọlẹ̀. Omi tó kù nínú páìpù ń kán.]

ÀBÚRÒ: Mo ti pa á. Ẹ máa wí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìbéèrè kékeré kan ni. Mi ò ní dá ẹ dúró.

ÀBÚRÒ: Ẹ béèrè ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn ẹnu tí wọ́n ń fi sórí páìpù ẹ̀rọ yẹn. Èyí tó pupa. Kí ni wọ́n ń fi ṣe?

ÀBÚRÒ: Ẹnu pupa? Kí lẹ fẹ́ fi ẹnu pupa ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo kàn ń béèrè ni.

ÀBÚRÒ: Irin tó ti dípẹtà ni wọ́n ń fi í bó. Omi ẹ̀ tín-ínrín bí abẹ́rẹ́, ó lè la ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi í kan òkúta ìtẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti ra pressure washer yẹn ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò rà á. Mo háyà ẹ̀ ni.

ÀBÚRÒ: Èwo lẹ háyà? Ṣé kékeré oníná tí mo sọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ háyà ní kékeré yẹn ò lè ṣe nǹkan kan. Ó ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ó ní gbàgede tó fẹ̀ tó tiwa, oní pẹtiróòlù ló gbà.

ÀBÚRÒ: Oní pẹtiróòlù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ohùn ẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ń tọrọ ìyàwó. Mo ṣáà gbà.

ÀBÚRÒ: Ó yẹ kẹ́ ẹ bi í bóyá òun ló máa bá yín fọ̀ ọ́. Oní pẹtiróòlù, ògiri ilé alájà ni wọ́n ń gbé e lọ bá, tàbí mọ́tò akẹ́rù tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára. Òkúta tiwa, yanrìn lásán ló mú un. Kò sí simẹ́ńtì láàárín ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún yín. Mo ní ẹ gba oníná, torí agbára ẹ̀ mọ níwọ̀n. Mo ní ẹnu funfun, tàbí aláwọ̀ ewé. Mo ní kẹ́ ẹ gbé ẹnu ẹ̀ jìnnà sílẹ̀, kí omi máa gbá ìdọ̀tí lọ, kó má gún ilẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá ní abọ́ tó máa ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀, kẹ́ ẹ gbà á pọ̀ mọ́ ọn—

Ẹ̀GBỌ́N: O sọ ọ́.

ÀBÚRÒ: Mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ da omi ọṣẹ sí i, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ kó rẹ—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní o sọ ọ́. Ìgbà tí mo ń wẹ Bàbá lọ́wọ́ lo ń sọ ọ́. Èjìká ni mo fi gbá fóònù mọ́ etí. Ẹn, ẹn, ni mò ń wí fún ẹ. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan.

[Àbúrò gbé páìpù sílẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Kí ló tiẹ̀ ń lé yín? Ẹ bá dúró dè mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Títí dìgbà wo?

ÀBÚRÒ: Ọ̀sẹ̀ tó—

Ẹ̀GBỌ́N: Má wulẹ̀ parí ẹ̀. Bàbá ṣubú níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ṣubú? Nígbà wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti ṣe díẹ̀. Ilẹ̀ ti hu, ewéko tútù ti bò ó, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ìbàdí ni wọ́n fi lulẹ̀. Kò kán, àmọ́ ó dúdú bí èédú. Wọ́n sì gbàgbé pé àwọn ṣubú, wọ́n wá ń bi mí pé ta ló na àwọn.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò sọ fún mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Tí mo bá sọ ọ́, kí lo máa ṣe? Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó o wá bá wa fọ ilẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ rẹ kúkú ni. Gbàgede gbogbo ayé lò ń fọ̀, tiwa ló hu. Hello? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín.

[Ilẹ̀ tó dúró lé, ti onílé kan tí kò rí rí ni, ó sì ti mọ́ nini. Ojú tì í. Ó sún kúrò níbẹ̀, ó lọ dúró sórí koríko.]

ÀBÚRÒ: Ó dáa. Ẹ má bínú. Báwo ló ṣe wá rí báyìí? Ṣé ó mọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnu funfun ni mo kọ́kọ́ lò lánàá, àmọ́ àwọn ibì kan wà tí kò gbà. Mo wá fi pupa sí i. Ó ń bọ́ bí èèpo ẹyin. O rántí bí òkúta yẹn ṣe pupa nígbà tá a wà ní kékeré? Ó padà wá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo dúró, mò ń wò ó, inú mi dùn bí ọmọdé. Mo ní Màmá ì bá rí i.

ÀBÚRÒ: Kí ló wá dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Yanrìn àárín ẹ̀ ti jáde. Omi gbọ̀n ọ́n dànù, ó gbá a lọ sínú gọ́tà. Gbogbo àlàfo ló ṣófo.

ÀBÚRÒ: Ìyẹn ò le. Tá a bá ti fọ̀ ọ́ náà, a máa ń gbá yanrìn tuntun sí i. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn lórí ẹ̀ títí—

Ẹ̀GBỌ́N: Ohun tí Bàbá náà sọ nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Bàbá?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́.

[Ìlà ń ṣe ségesège. Ohùn rẹ̀ lọ, ó padà.]

Ẹ̀GBỌ́N: —láti àárọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mi ò gbọ́ ìyẹn. Network yìí ò dáa. Kí ló ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní Bàbá wà níta. Wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín gbàgede yẹn láti àárọ̀.

ÀBÚRÒ: Lórí òkúta? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ń ṣọ́ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó tán ni.

[Ọmọ bíríkìlà ni Àbúrò, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé fún un. Òkúta tí àlàfo rẹ̀ ṣófo, òkúta tí wọ́n tò lónìí ni. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́ kí yanrìn tó wọ àárín rẹ̀, yóò yẹ̀, iṣẹ́ á bàjẹ́.]

ÀBÚRÒ: Torí pé àlàfo ṣófo.

Ẹ̀GBỌ́N: Òkúta pupa, àlàfo ṣófo. Wọ́n jáde láàárọ̀, wọ́n rí i, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá a lọ gbá a bọ̀. Wọ́n ń wá òòlù rọ́bà wọn. Mo kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín.

ÀBÚRÒ: Ẹ mú wọn wọlé.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò gbà. Mo fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ dànù. Bàbá tí kò na ìkankan nínú wa rí.

ÀBÚRÒ: Ṣé wọ́n ti jẹun?

Ẹ̀GBỌ́N: Rárá. Omi pàápàá, wọn ò mu. Oòrùn ti pa wọ́n títí, òjò sì ti ṣú báyìí. O mọ ohun tí dókítà sọ nígbà tí wọ́n ń dá Bàbá sílẹ̀ nílé ìwòsàn lẹ́yìn òtútù àyà lọ́jọ́sí. Ó ní kí òtútù má tún wọ̀ wọ́n láyà o, pé tó bá tún wọ̀ ọ́, kò dájú pé wọ́n á jáde. Òjò yìí máa bá wọn níbẹ̀. Mo gbé agboòrùn lọ, wọ́n jù ú nù.

ÀBÚRÒ: Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń dúró dè?

[Fèrèsé kan sé lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n.]

ÀBÚRÒ: Hello? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ẹ. Màmá ni.

ÀBÚRÒ: Ẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá ni wọ́n ń dúró dè. "Adúmáadán ti lọ gbé yanrìn." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. "Tó bá dé, á gbá a sí i, a ó sì jọ wọlé."

[Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Àbúrò jókòó sórí táńkì omi. Bàbá wọn nìkan ló ń pe ìyá wọn ní Adúmáadán. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, ó sì dùn ún gan-an.]

Ẹ̀GBỌ́N: O ṣáà rántí iṣẹ́ wọn. Bàbá á tò ó, Màmá á gbá yanrìn sí i. Bàbá kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan ṣe é. Wọ́n ní ọwọ́ gbogbo wọn wúwo.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní Màmá nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn bẹ òkúta.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbé ìgbálẹ̀ láàárọ̀ pé kí n gbá a. Wọ́n ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ìyá, ẹ má ṣèyọnu. Ẹni tó ni iṣẹ́ ń bọ̀." Mo dúró bí ẹni tí wọ́n já aṣọ ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó sọ kí ni?

ÀBÚRÒ: Pé Màmá… Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ sọ ọ́ fún wọn.

ÀBÚRÒ: Èmi? Lórí fóònù?

Ẹ̀GBỌ́N: Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè ẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu pupa kọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ni.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wọn—

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi náà ni mo máa ń sọ ọ́. Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́, tuntun ni lójú wọn? Wọ́n á ké bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n á bi mí pé ṣé ẹ ti sin ín, pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò pe èmi. Màá ní ẹ wà níbẹ̀, Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i. Wọ́n á máa wò mí. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún bi mí pé Adúmáadán dà. Èmi ni mò ń pa Màmá nínú ilé yìí, àbúrò mi. Ọwọ́ mi ló ń kú sí lójoojúmọ́. Ó ti sú mi.

[Ó ń sunkún. Kò pariwo, ó ń mí sókè mí sílẹ̀ ni. Àbúrò na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ di nǹkan mú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Ẹ má sunkún mọ́. Ẹ gbé fóònù fún wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o máa sọ ọ́?

ÀBÚRÒ: Mo máa sọ ọ́. Ẹ gbé e fún wọn.

[Ilẹ̀kùn ṣí. Atẹ́gùn ń fẹ́. Aṣọ Ẹ̀gbọ́n ń ha ògiri bó ṣe ń rìn tẹ̀lé e kó má bàa tẹ òkúta. Àbúrò gbọ́ ọ tó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ẹnì kan fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."]

BÀBÁ: Ta nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Bàbá, ẹ káàsán, sà. Èmi ni. Ọmọ yín ọkùnrin.

BÀBÁ: Ọmọ mi ọkùnrin wà nílé ìwé.

ÀBÚRÒ: Bàbá—

BÀBÁ: Àbí ẹ̀yin lẹ ń ta yanrìn?

ÀBÚRÒ: Rárá, sà, èmi—

BÀBÁ: Èyí tó gbẹ ni mo fẹ́ o, kó sì kúnná. Tó bá ti tutù, kò ní wọ àárín òkúta. Ìyàwó mi ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ máa dá a mọ̀. Dúdú ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

ÀBÚRÒ: Bàbá, ẹ gbọ́. Màmá—

BÀBÁ: Ẹn-ẹ́n? Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín?

[Àbúrò la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ò ju ẹyọ kan lọ, ó sì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ láti ìgbà tó ti ní kí wọ́n gbé fóònù fún Bàbá. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbìyànjú. Kò lè sọ ọ́.]

BÀBÁ: Hello? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín, sà. Wọ́n ti dé ibí. Wọ́n ti gbé yanrìn. Wọ́n ń bọ̀ nílé báyìí.

BÀBÁ: Ah. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ sọ fún un kó rọra máa bọ̀.

[Fóònù ń ha mọ́ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n gbà á. Ó padà sínú ilé, ilẹ̀kùn sé.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo sọ fún wọn? Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè sọ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wá sọ?

ÀBÚRÒ: Mo ní wọ́n ń bọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ń bọ̀? Àbúrò mi, ta lo ní kí wọ́n máa retí?

[Ààrá sán lọ́nà jíjìn, lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Ṣé yanrìn kù nínú ilé?

Ẹ̀GBỌ́N: Àpò kan wà ní sítọ́ọ̀, kò kún. Kí la fẹ́ fi ṣe?

ÀBÚRÒ: Ṣé ó gbẹ?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó gbẹ. Mo ní kí la fẹ́ fi ṣe?

ÀBÚRÒ: Ẹ gbé e, kẹ́ ẹ gba ẹ̀yìn ilé yọ sí wọn, bí ẹni tó ti òde dé. Ẹ dà á sórí òkúta. Ẹ má gbá a lọ tààrà, ẹ jẹ́ kí ìgbálẹ̀ máa dábùú àlàfo, kó lè máa já sínú ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ yára, tí òjò bá kọ́kọ́ kan yanrìn, kò ní wọlẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má bàa rí i.

Ẹ̀GBỌ́N: O fẹ́ kí n lọ ṣe Màmá.

ÀBÚRÒ: Mo fẹ́ kí Bàbá wọlé ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Tí wọ́n bá pè mí ní Adúmáadán ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ ẹ. Ohùn yín àti ti Màmá, ọ̀kan náà ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tó wà lọ́nà jíjìn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, òjò—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí òjò. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ kí n máa jí láàárọ̀? Mò ń retí pé wọ́n á mọ̀ mí lọ́jọ́ kan. Ìṣẹ́jú kan péré. Kí wọ́n wò mí báyìí, kí wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti jẹun?" Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò. Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Bàbá tó pọ̀n mí. Tí mo bá lọ jẹ́ orúkọ Màmá fún wọn lónìí, wọn ò ní wá mi mọ́. Màmá ni wọ́n á máa rí títí tí wọ́n á fi lọ. Ìyẹn ni pé èmi náà ti kú lójú wọn.

[Àbúrò fi ọwọ́ bo ojú.]

ÀBÚRÒ: Ẹ má ṣe é, tó bá jẹ́ pé ó máa pa yín lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pe àwọn ará àdúgbò, kí wọ́n bá yín gbé wọn wọlé.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí wọ́n máa jà, kí wọ́n máa ké? Pẹ̀lú ìbàdí yẹn?

[Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti balẹ̀, ohùn ẹni tó ti yan èyí tó fẹ́ ṣe.]

Ẹ̀GBỌ́N: Òjò ti ń kán sórí páànù. Mò ń fi fóònù sápò. Má gé e o. Jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnì kan wà pẹ̀lú mi.

ÀBÚRÒ: Mi ò ní gé e.

[Fóònù wọ àpò. Láti ibí lọ, Àbúrò ń gbọ́ wọn, wọn ò gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n wọ́ ẹ̀rọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé àpò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ń lọ yí ilé po. Yanrìn dà sílẹ̀. Ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha òkúta, ó ń dábùú lọ, ó ń dábùú bọ̀.]

BÀBÁ: Ta nìyẹn? Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o.

[Ìgbálẹ̀ ò dúró.]

BÀBÁ: Adúmáadán?

[Ìgbálẹ̀ dúró.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni.

BÀBÁ: O pẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ má bínú. Ọ̀nà ló jìn.

BÀBÁ: Mi ò bínú. Wọ́n ní o ò ní wá. Obìnrin kan níbí ń sọ ọ́ fún mi lemọ́lemọ́. Mo ní ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ni.

[Ìgbálẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ń gbá a bí ìyá wọn ṣe máa ń gbá a, kúkúrú, kúkúrú, kó tó wá gbá ọ̀kan gígùn.]

BÀBÁ: Ìyẹn ni. Sí igun ọ̀hún náà. Wò ó bó ṣe ń wọlé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti wọlé dáadáa. Ẹ jẹ́ ká lọ, òjò ti dé. Ẹ fún mi lọ́wọ́.

BÀBÁ: Orúnkún mi ti kú. Rọra fà mí.

[Ìkérora. Aṣọ ń ha mọ́ra. Àgbàlagbà kan ń dìde díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan sì gbé e ró. Àbúrò ti dìde náà níbi tó wà, ó ń bá wọn mí.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ tẹ ibí. Ẹ tún tẹ ibí.

BÀBÁ: Dúró ná. Sún mọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó gbọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ta ni má gbọ́?

BÀBÁ: Obìnrin tó wà nínú ilé wa yẹn.

[Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì dúró.]

Ẹ̀GBỌ́N: Obìnrin wo?

BÀBÁ: Èyí tó ń wẹ̀ mí. Tó ń fọ aṣọ mi. Tí mo bá ta jí, òun ni mo máa ń rí lórí àga. Èèyàn dáadáa ni o. Mi ò fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló wá ṣe?

BÀBÁ: Kò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń sunkún ni. Nínú ilé ìdáná, tó bá rò pé mi ò gbọ́. Ó ń dùn mí. Ọmọ ẹnì kan ni, Adúmáadán. Bàbá ẹ̀ á máa wá a kiri.

[Òjò ń kán sára aṣọ, sára fóònù.]

BÀBÁ: Jẹ́ kó máa lọ sílé. O ṣáà ti dé báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti gbọ́. Màá sọ fún un.

BÀBÁ: Kó má lọ lọ́wọ́ òfo o. Fún un ní nǹkan. Sọ fún un pé mo ní ó ṣeun.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìyí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì tún ń lọ síhà ilẹ̀kùn. Òjò dà. Ìlà já.]